Ère Ọ̀gágun Méjì, Ẹrú Kan àti Ajá Kan

 

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni a mú wá lónìí. Ẹni tó bá ti dé Gòhó ní Àgbómẹ̀ nínú yín ti rí ère ọba Béhanzin. Ọba náà dúró, ó na ọwọ́ rẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń dá àlejò dúró. Àwọn tó bá a jagun pọ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan ni wọ́n gbé sórí ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ère rí níbi gbogbo. Ẹni tó ń ṣe ère ló ń yan ẹni tí yóò wà níbẹ̀ àti ẹni tí kò ní sí níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ.

Ère tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ jìnnà sí wa. Ìlú Great Falls ló wà, ní ìpínlẹ̀ Montana, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìtumọ̀ orúkọ ìlú náà ni Omi Ńlá Tó Ń Já Bọ́. Idẹ ni wọ́n fi ṣe ère náà. Bob Scriver, ọmọ ìpínlẹ̀ náà, ló ṣe é, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 1989. Ọkùnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀ àti ajá ńlá kan. Méjì nínú wọn jẹ́ òyìnbó, ọ̀gágun sì ni wọ́n: Meriwether Lewis àti William Clark. Ẹnì kẹta jẹ́ aláwọ̀ dúdú. York ni orúkọ rẹ̀, ẹrú Clark ni. Ajá náà ń jẹ́ Seaman, ìtumọ̀ rẹ̀ ni atukọ̀ òkun.

Kí ni àwọn mẹ́rin yìí ṣe tí wọ́n fi sọ wọ́n di idẹ?

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí Àlàdá, ní ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ère Toussaint Louverture wà níbẹ̀, nítorí ìtàn sọ pé láti ìdílé ọba Àlàdá ni wọ́n ti kó baba rẹ̀ lẹ́rú lọ sí erékùṣù tí à ń pè ní Haiti lónìí. Toussaint di olórí àwọn ẹrú tó gbé ohun ìjà dìde sí àwọn Faransé. Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé, rán ọmọ-ogun púpọ̀ lọ síbẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀tàn mú Toussaint ní 1802, wọ́n gbé e lọ sí Faransé, ó sì kú sínú ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1803. Ṣùgbọ́n ogun àti ibà pọ́njú ti pa àwọn sójà Napoleon lọ bẹẹrẹ. Kò lè gba erékùṣù náà padà mọ́. Nígbà tí kò ní erékùṣù náà lọ́wọ́, tí ogun mìíràn sì ń bọ̀ láàrin òun àti Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ ńlá tó ní ní Amẹ́ríkà kò wúlò fún un tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Louisiana ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 1803, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn ikú Toussaint, àwọn aṣojú rẹ̀ tà á fún Amẹ́ríkà ní mílíọ̀nù 15 dọ́là.

Ilẹ̀ náà tóbi ju Bẹ̀nẹ̀ wa lọ ní ìlọ́po 18. Ẹni tó tà á kò dé ibẹ̀ rí. Ẹni tó rà á kò dé ibẹ̀ rí. Àwọn onílẹ̀ sì ń gbé orí rẹ̀: àwọn Mandan, àwọn Shoshone, àwọn Blackfeet àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè. Àwa tí wọ́n pín ilẹ̀ wa sí ọwọ́ Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, títí ìlà fi kọjá láàrin Kétu àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe àjèjì sí wa.

Thomas Jefferson ni olórí Amẹ́ríkà nígbà náà. Ó rán akọ̀wé rẹ̀, Lewis, pé kí ó tọ odò Missouri lọ títí dé orísun rẹ̀, kí ó sì wá ọ̀nà dé òkun tó wà ní ìwọ̀-oòrùn. Lewis pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ Clark kí àwọn jọ ṣe olórí ìrìn-àjò náà. Wọ́n kó sójà àti atukọ̀ jọ, ó ju 40 ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún 1804 ni wọ́n ṣí ọkọ̀.

Lewis ti ra ajá rẹ̀ kí wọ́n tó lọ, ní 1803. 20 dọ́là ló rà á. Ẹ má fi ojú kékeré wo owó yẹn o. Sójà tó bá wọn lọ ń gba 5 dọ́là lóṣù. Owó iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ra ajá kan! Ṣùgbọ́n ajá náà kì í ṣe ajá lásán. Ó jẹ́ irú àwọn ajá tí àwọn apẹja erékùṣù Newfoundland ń sìn, tó tóbi, tó nírun, tó sì mọ omi wẹ̀ bí ẹja. Nígbà tí wọ́n wà lórí odò Ohio, wọ́n rí ọ̀kẹ́rẹ́ púpọ̀ tó ń wẹ odò kọjá. Lewis rán ajá náà sínú omi. Ó ń pa wọ́n, ó ń gbé wọn wá sínú ọkọ̀. Wọ́n dín wọn, Lewis sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n dùn. Ọkùnrin onílẹ̀ kan fẹ́ fi awọ ẹranko mẹ́ta gba ajá náà. Lewis ní rárá.

York, ẹ̀wẹ̀, wọn kò rà á fún ìrìn-àjò náà. Ó ti wà nílé. Òun àti Clark jọ dàgbà ni. Nígbà tí baba Clark kú ní 1799, wọ́n pín ogún, York sì bọ́ sọ́wọ́ Clark, gẹ́gẹ́ bí ẹni pín oko tàbí màlúù. York ní ìyàwó ní ìlú Louisville, ẹrú ẹlòmíràn ni obìnrin náà. Wọn kò bi York bóyá ó fẹ́ lọ. Ó bá wọn lọ.

Lójú ọ̀nà, ìyàtọ̀ àárín ẹrú àti sójà dín kù. York wa ọkọ̀ bí wọ́n ti ń wà á. Ó gbé ìbọn, èyí tí wọn kì í sábà jẹ́ kí ẹrú gbé nílé, ó sì ń pa ẹran fún gbogbo ẹgbẹ́ jẹ. Nígbà tí sójà kan tó ń jẹ́ Charles Floyd ń ṣàìsàn ní oṣù kẹjọ 1804, Clark kọ ọ́ sílẹ̀ pé York ló tọ́jú rẹ̀ jù. Floyd kú. Òun nìkan ló kú nínú gbogbo wọn títí wọ́n fi padà dé.

Àwọn onílẹ̀ kò rí aláwọ̀ dúdú rí. Olóyè Hidatsa kan fi itọ́ ra ọwọ́, ó fi ń pa awọ York, kí ó lè mọ̀ bóyá ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Kò ṣí. York ṣí fìlà, ó fi irun orí rẹ̀ hàn án, ìyẹn sì gbà. Ní ìlú mìíràn, York fi àwọn ọmọdé ṣeré. Ó ní ẹranko ìgbẹ́ ni òun, pé Clark ló fi pàkúté mú òun. Clark ní ó ti ṣe é jù. Èmi rò pé ẹni tí wọ́n ti pín bí ẹran nínú ogún ní ẹ̀tọ́ láti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀.

Ní ìgbà òtútù wọ́n dúró lọ́dọ̀ àwọn Mandan. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin Shoshone kan ti dara pọ̀ mọ́ wọn, Sacagawea. Wọ́n jí i gbé ní kékeré nínú ogun, ó sì di ìyàwó onítúmọ̀ kan tó ń sọ Faransé. Ó bí ọmọkùnrin ní oṣù kejì 1805, ó pọ̀n ọ́n, ó sì tẹ̀ lé wọn lọ. Nígbà tí wọ́n tún ṣí ní oṣù kẹrin, ènìyàn 33 ni wọ́n, àti ajá.

Ní oṣù karùn-ún, ajá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ẹranko omi kan wà níbẹ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní castor. Eyín rẹ̀ mú tó fi ń gé igi lulẹ̀. Wọ́n yìnbọn fún ọ̀kan, ajá wẹ̀ lọ gbé e, ẹranko náà bù ú jẹ ní ẹsẹ̀, ó gé iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dà. Lewis kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun pé yóò kú. Kò kú. Kò pé ọjọ́ 10 lẹ́yìn náà tí akọ ẹfọ̀n kan gun òkè odò wá lóru, tó sáré gba àárín àwọn tó sùn. Ó kù díẹ̀ kí ó tẹ orí àwọn kan fọ́. Ó kọjú sí àgọ́ àwọn ọ̀gá. Ajá gbó, ẹfọ̀n náà yà, ó sì bá ibòmíràn lọ. Ohun tó bàjẹ́ ni ìbọn York, tí ẹfọ̀n náà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀.

(Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ ṣọ́ àmì ohùn o. Ẹfọ̀n ni ẹran oníwo. Ẹ̀fọn ni kòkòrò tó ń jẹ ni lóru. Ẹ̀fọn náà ń bọ̀ nínú ìtàn yìí.)

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà 1805, Lewis gbọ́ ariwo omi láti òkèèrè. Ó rí omi tó ń já láti orí àpáta. Kì í ṣe ọ̀kan, márùn-ún ni, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ibí yìí ni wọ́n gbé ère náà sí. Ọkọ̀ kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ní láti gbé ọkọ̀ àti ẹrù gba orí ilẹ̀, nǹkan bí kìlómẹ́tà 29. Wọ́n wá igi ńlá, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n rí tó tóbi tó. Wọ́n gé e, wọ́n fi ṣe àgbá kẹ̀kẹ́, wọ́n gbé ọkọ̀ lé e, wọ́n sì ń fà á. Ẹ̀gún ilẹ̀ ń gún ẹsẹ̀ wọn gba inú bàtà awọ. Bí wọ́n bá dúró sinmi, ẹlòmíràn ti sùn lọ. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, wọ́n ta aṣọ ọkọ̀, afẹ́fẹ́ bá wọn ti ọkọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọkọ̀ lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́, ẹ rí irú rẹ̀ rí?

Ní òru, ẹranko ńlá onírun tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní béárì ń yí àgọ́ ká. Lewis kọ ọ́ pé ajá náà ń gbó láti alẹ́ títí di òwúrọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, òjò àti yìnyín dé lójijì. Clark, Sacagawea, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ sá sábẹ́ àpáta kan nínú ihò odò gbígbẹ. Omi ya wọlé. Clark ń ti obìnrin náà gun òkè bí omi ti ń ga lẹ́yìn wọn, ó sì ku díẹ̀ kí ó gbé gbogbo wọn lọ sínú omi tó ń já náà. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n bá York tó ń wá wọn kiri nínú ìjì. Clark kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ kò balẹ̀ rárá nítorí wọn.

Nítorí náà, nígbà tí Scriver fi mẹ́rin sí ibẹ̀, kò fi kún ìtàn. Ó wà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n kọjá òkè, wọ́n dé etí òkun ní oṣù kọkànlá 1805. Wọ́n ní láti pinnu ibi tí wọn yóò kọ́ àgọ́ ìgbà òtútù sí. Wọ́n bi olúkúlùkù léèrè, wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n bi York. Wọ́n bi Sacagawea pẹ̀lú. Ní ìlú tí wọ́n ti wá, ẹrú kò ní ohùn, obìnrin kò sì ní ìbò.

Lójú ọ̀nà yìí, ebi mú wọn títí wọ́n fi ń ra ajá lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ láti jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá fẹ́ràn ẹran náà. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ láàrin wa yóò sọ pé ìyẹn kò yà wọ́n lẹ́nu. Clark kò fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan Seaman. Ní oṣù kẹrin 1806, àwọn mẹ́ta kan jí i gbé. Lewis rán sójà mẹ́ta tẹ̀ lé wọn, ó ní bí wọ́n bá ṣe agídí kí wọ́n yìnbọn. Àwọn olè fi ajá sílẹ̀, wọ́n sá lọ. Ní oṣù keje ọdún kan náà, ẹ̀fọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Lewis fi kọ ọ́ pé ajá òun ń ké nítorí ìjẹ wọn. Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n mẹ́nu kan ajá náà nínú ìwé ìrìn-àjò wọn. Ní oṣù yẹn kan náà, Lewis àti àwọn sójà rẹ̀ pa ọmọ Blackfeet méjì níbi ìjà kan. Ìyẹn kò sí lára ère.

Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1806 ni wọ́n padà dé ìlú St. Louis. Ìjọba fún àwọn sójà ní owó iṣẹ́ wọn ní ìlọ́po méjì àti ilẹ̀ éékà 320 fún olúkúlùkù. Ọ̀gá méjèèjì gba éékà 1,600 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Orúkọ York kò sí nínú ìwé ìsanwó. Kò gba kọ́bọ̀.

York bẹ Clark pé kí ó dá òun sílẹ̀. Clark kọ̀. York ní ó kéré tán kí ó jẹ́ kí òun máa ṣiṣẹ́ ní Louisville, níbi tí ìyàwó òun wà, kí òun sì máa fi owó náà ránṣẹ́. Clark tún kọ̀. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó fún un láti lọ kí ìyàwó rẹ̀. Báwo la ṣe mọ̀? Clark fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní 1808 àti 1809. Ó kọ ọ́ pé York rò pé nítorí iṣẹ́ ńlá tí òun ṣe, ó yẹ kí òun gba òmìnira. Ó kọ ọ́ pé òun ti nà án. Ó kọ ọ́ pé bí York bá fẹ́ sá, kí wọ́n gbé e lọ tà ní New Orleans, tàbí kí wọ́n fi í fún ọ̀gá tó le. Àwọn lẹ́tà náà wà nínú ilé fún ọdún pípẹ́, wọn kò sì tẹ̀ wọ́n ní ìwé títí di 2002. Ní 1832 Clark sọ fún òǹkọ̀wé kan pé òun ti dá York sílẹ̀ àti pé àrùn kọ́lẹ́rà ti pa á. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí York fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Lewis kú ní 1809. Ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1814 sọ pé ajá rẹ̀ kọ̀ láti kúrò lórí ibojì rẹ̀, kò jẹun mọ́ títí òun náà fi kú. Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn ìtàn yìí gidigidi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ ajá náà dáadáa, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn ọ̀gá náà ṣòro kà. Scannon ni wọ́n ń pè é. Ní àárín àwọn ọdún 1980 ni ọ̀mọ̀wé kan tún ìwé náà kà, tó rí odò kan tí Lewis fi orúkọ ajá rẹ̀ pè, tó sì mọ̀ pé Seaman ni. Ẹ rí bí kíka ìwé dáadáa ti rí.

Láti ìgbà náà ni ère ajá ti pọ̀. Ó wà ní Seaside, létí òkun, láti 1990. Ó wà ní St. Charles. Ó wà ní St. Louis láti 2006. Ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, Lewis wà níbẹ̀, Clark wà níbẹ̀, ajá wà níbẹ̀. York kò sí níbẹ̀. Èmi kò bínú sí ajá o. Ó ṣọ́ wọn lóru, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n York wà lójú ọ̀nà kan náà, ní ọjọ́ kan náà, ó sì gbé ẹrù tí ajá kò lè gbé.

Ti Sacagawea ní ìlú Charlottesville tún yàtọ̀. Wọ́n ṣe ère kan níbẹ̀ ní 1919: ọ̀gá méjì dúró gangan, obìnrin náà sì lóṣòó sẹ́yìn wọn. Àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ṣàtakò. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje 2021, wọ́n yọ ère náà kúrò pátápátá. Ní oṣù yẹn kan náà, ní ìlú Portland, àwọn kan wó ère orí York tí ẹnì kan gbé sórí òkè kan láìsọ orúkọ ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó wà ní Louisville dúró síbẹ̀. Ed Hamilton, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe é ní 2003, ọdún méjì lẹ́yìn tí olórí Amẹ́ríkà, Bill Clinton, fi York joyè sájẹ́ńtì lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kò sí ọ̀gágun níbẹ̀, kò sí ajá. York nìkan ló wà lókè odò Ohio, ní ìlú tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé, níbi tó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró sí.